Ìlà Kẹsàn-án Lára Ògiri Abà

Helmi Ruona na ọwọ́ sókè, ó fi ìka ìfábẹ̀lá ra abẹ́ ọkọ̀ pupa náà, ó sì fi ìka ọ̀hún kan ahọ́n. Iyọ̀ ni.

Ó tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀ lórí páálí tó tẹ́ sínú abà, omi dúdú ń kán sí i létí, àkísà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tí Wade, àbúrò rẹ̀, dé láàárọ̀, kó tó wọlé lọ jókòó ti kọfí, ó ní títì gbẹ láti ìlú Green Bay ní gúúsù títí dé ẹnu ọ̀nà wọn, pé òun kò rí ẹyọ iyọ̀ kan nílẹ̀. Àbúrò Helmi ti pé ẹni àádọ́ta ọdún, kò sì tíì mọ̀ pé a kì í pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó máa wo abẹ́ ọkọ̀.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ará ìjọba ti ń da iyọ̀ sí títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà sì ń jẹ irin ọkọ̀. Gbogbo ẹni tó ní làákàyè ní agbègbè náà ti gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sùn kí oṣù kẹwàá tó parí. Wade ní òun fẹ́ gbádùn rẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìgbádùn náà ló ń kán sí Helmi létí yìí. Garawa omi gbígbóná mẹ́fà ló ti gbé wá láti sáúnà, ilé ìwẹ̀ gbígbóná tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ṣì ku méjì kí abẹ́ ọkọ̀ náà tó mọ́.

Ọkọ̀ oníjókòó méjì ni. Àpò ọ̀dùnkún kan kò gbà nínú rẹ̀. Ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹni tó ni ín. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù karùn-ún, oorun ló ń sùn nínú abà Helmi. Lẹ́yìn abà ni ọkọ̀ kejì wà, ọkọ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lọ: gígùn, aláwọ̀ ewé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti dógùn-ún dé ìdajì. Ìyẹn ni Wade ń gbé lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní gúúsù, tó fi ń la yìnyín kọjá. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, á dá a padà pẹ̀lú ìdọ̀tí àti ẹsẹ̀ tó ń mì, á gbé pupa rẹ̀ lọ, Helmi á sì fi gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tún ti bàbá wọn ṣe. Ọdún kọkànlá rèé.

Helmi yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó nu ojú, ó sì wo ògiri. Ibẹ̀ ni ìwé Wade wà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ló tẹ̀ ẹ́, ó fi ọ̀rá bò ó kí omi má bàa kàn án, ó sì fi ìṣó mẹ́rin kàn án mọ́ pákó. Ìlà mẹ́wàá ni. "Ẹ jọ̀wọ́" ló fi bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lè sọ àṣẹ di ẹ̀bẹ̀. Helmi tó fi ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì lórí tábìlì ilé ìdáná, tó sì ti fi ọgbọ̀n ọdún tún kátakátà àwọn agégi ṣe, òun ni Wade ń kọ́ bí a ti í tú bátìrì.

Ìlà kẹsàn-án ní kí ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọkọ̀ sókè lórí òpó irin mẹ́rin, ẹ yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kó wọn sí òkè àjà, kí ẹ sì gbé bátìrì sínú ilé níbi tó lọ́ọ́rù. Ìlà kẹwàá ní kí ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tan ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bátìrì á wà nínú ilé, ẹ́ńjìnnì á sì máa dún nínú abà. Ẹni tó kọ ọ́ kò rí i pé ìlà méjèèjì ń bá ara wọn jà. Helmi kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì rí. Ìfàkókòṣòfò ni.

Ó gbé garawa, ó lọ sínú ilé.

Ìyá wọn, Aune, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, jókòó nídìí ààrò, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí. Wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí la ẹnu ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kí ó lè gba ẹsẹ̀ náà. Kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, ìrìn ìṣẹ́jú àádọ́ta nínú ọkọ̀ láti ilé. Ní Sátidé, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Helmi já lórí òkè kí wọ́n tó débẹ̀. Ọjọ́ yẹn lọ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà kò sì tíì ṣeé wà. Nọ́ọ̀sì sọ lórí fóònù pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà lọ, pé omi tó wà lẹ́sẹ̀ Màmá kò ní dúró sí ẹsẹ̀, á gòkè dé ẹ̀dọ̀fóró.

Òní ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òní náà sì ni ìjọba gba àwọn ọdẹ láyè láti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àgbọ̀nrín.

"Ó ti parí?" Wade béèrè. Búrẹ́dì tí a dì bí irun wà níwájú rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

"Iyọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀."

"Iyọ̀ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, mo ní títì gbẹ."

"Mo tọ́ ọ wò."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Helmi, ṣé o ti wá ń lá ọkọ̀ báyìí ni?"

"Ẹ ṣáà bá mi fọ̀ ọ́ dáadáa," ni Wade wí. "Mo fẹ́ ti kúrò níbí lọ́sàn-án gangan, kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Hítà ọkọ̀ Bàbá ńkọ́? Ẹ ti rí i ṣe?"

"Aago kan ààbọ̀ ni wọ́n ń retí Màmá."

Wade wo inú ife rẹ̀. Láti Sátidé ló ti mọ̀. Helmi fúnra rẹ̀ ló pè é. Ohun tó sọ nígbà náà ni pé, "Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ó rí i ṣe, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin! Ẹ máa ń rí i ṣe." Lẹ́yìn ìyẹn ló béèrè hítà tó ń mú inú ọkọ̀ bàbá wọn móoru.

"Einar ńkọ́?" ó béèrè. Einar ni aládùúgbò wọn.

"Ó wà ní igbó."

"Ọmọ ẹ̀?"

"Igbó."

"Kì í ṣe gbogbo ayé ló ń pa àgbọ̀nrín, ẹ̀gbọ́n."

"Gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn sì ti kún títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Wade gé búrẹ́dì sí i. "Èmi náà ì bá gbé wọn lọ. Àmọ́ òdìkejì ọ̀nà mi ni. Bí mo bá dúró dè wọ́n tí mo dá wọn padà, ilẹ̀ á ti ṣú, mo sì ní iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Àbí ẹ fẹ́ kí n wa pupa padà nínú iyọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, bí ìgbà tó ní kí wọ́n wá se ọmọ jẹ.

Helmi kò rẹ́rìn-ín. Màmá ló ń wò. Ó fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ.

"Rárá o!" Màmá wí. "Má wà á nínú iyọ̀, ọkọ mi. Ọkọ̀ tó dára báyẹn!" Ó yíjú sí Helmi. "Jẹ́ kó gbé ti bàbá rẹ máa lọ. Èmi á sinmi lónìí. Ọjọ́bọ̀ ò jìnnà."

Wade na ọwọ́, ó fi pa ejìká ìyá rẹ̀. "Ẹ ṣé, Màmá mi."

Helmi wo ẹsẹ̀ tó wà lórí àpótí. Awọ rẹ̀ ń dán bíi tòmátì tó fẹ́ bẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, bẹ́ẹ̀ ni àgbà wí. Àgbà kò rí Wade, tó wọ aṣọ fún làpálàpá, tó sì kọ ìlà mẹ́wàá nípa ìtọ́jú rẹ̀. Ó bu omi gbígbóná, ó mú páálí kànìnkànìn onírin nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì jáde.

Nínú abà, ó fọ ìyókù abẹ́ ọkọ̀. Ó nu ún gbẹ. Ó bu oògùn epo sínú táńkì kí bẹntiróòlù má bàa bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Ó fún kànìnkànìn, ó fi dí ẹnu sálẹ́ńsà méjèèjì, nítorí eku ilẹ̀ yìí kò mọ ilé tó dára ju ẹ́ńjìnnì olówó ńlá lọ. Ó so rìbọ́nnì pupa mọ́ sítíárì, kí a má bàa tan ọkọ̀ náà lóṣù karùn-ún kí a tó yọ kànìnkànìn. Ó tú búréèkì ọwọ́ sílẹ̀ kó má bàa lẹ̀. Títí dé ìlà kẹjọ, bó ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn, láìsí ìbínú, láìsí ìfẹ́. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ó yẹ kó dúró níbẹ̀. Ó dúró síwájú ìwé Wade, ó sì tún un kà láti òkè dé ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló lọ gbé jáàkì.

Kò yára. Ó gbé iwájú sókè, ó ti òpó irin méjì sábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀yìn, ó ti méjì sí i. Ó tú nọ́ọ̀tì táyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú agolo, ó dé e. Ó fi okùn fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí òkè àjà, ó fa àkàbà tó fi gòkè náà sókè lẹ́yìn wọn, ó sì fò sílẹ̀ sórí koríko gbígbẹ, obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Orúnkún rẹ̀ dùn ún. Ó tú bátìrì. Nígbà tó ta aṣọ funfun bo ọkọ̀ náà, ó dà bí òkú ọlọ́lá tí wọ́n ń retí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìlà kẹwàá nìkan ló fi sílẹ̀.

Ó jáde lọ sẹ́yìn abà, ó tan ọkọ̀ bàbá wọn. Ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Helmi mọ̀ pé á gbà.

Ó gbé bátìrì wọ ilé ìdáná, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. "Ibi tó lọ́ọ́rù," ó wí.

Wade kò gbé ojú kúrò lórí fóònù. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n."

"Màmá, ẹ dìde. Ẹ wọ kóòtù yín."

"Wade ló ń lọ, kì í ṣe—"

"Ẹ wọ kóòtù, Màmá."

Màmá wò ó lójú, ó sì na ọwọ́ sí kóòtù. Helmi ló gbé e dé inú ọkọ̀, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Wade jáde tẹ̀lé wọn pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ kan àti ìyókù búrẹ́dì lábíyá. Ó rò pé wọ́n wá sìn ín sọ́nà ni.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ó wà níbi tó yẹ kó wà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá mi ṣeré. Aago méjìlá ti ń lọ lù."

"Mo rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yára."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé Wade. Ó wo Màmá nínú ọkọ̀, ó wo abà, ó ju báàgì sílẹ̀, ó sì sáré wọ inú abà. Wọ́n gbọ́ ìró aṣọ tó ń ya gbọ́ọ̀rọ̀. Nígbà tó jáde, etí rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ yọ táyà!"

"Ìlà kẹsàn-án."

"Ẹ ò ṣe é rí! Láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́!"

"Ìwọ lo kọ ọ́. Mo ti wá ń gbọ́ràn."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́la?"

"Wàá rí i ṣe," ni Helmi wí. "Bọ́ọ̀sì kan máa ń kọjá ní oríta láago méje àárọ̀. Igi wà lẹ́yìn sáúnà, àáké wà lẹ́nu ọ̀nà. Má jẹ́ kí iná ààrò kú kí Màmá tó dé."

"Ọkọ̀ mi ni ẹ ń gbé lọ yẹn!"

"Orúkọ Màmá ló wà lórí ìwé ẹ̀. O ò ráyè lọ yí i padà."

Màmá yọ ojú láti fèrèsé. "Helmi, iṣẹ́ ọmọ yìí..." Helmi yí fèrèsé náà sókè fún un.

Wade dúró nínú ẹrẹ̀ tó ti ń dì, búrẹ́dì ṣì wà lábíyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò sọ̀rọ̀ rí."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, kò purọ́. Helmi wọnú ọkọ̀. Ó wà á lọ.

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé oríta. Màmá kọjú sí fèrèsé, ó di ọwọ́ mọ́ra lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú síwájú díẹ̀díẹ̀, bí ológbò tó ń sún mọ́ iná.

"Ó lọ́ọ́rù," ó wí, bí ẹni tí kò fẹ́ gbà. "Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni. Lóṣù kẹjọ."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nítorí hítà yẹn, nígbà tí ooru mú dé ibi tí kò sí ẹni tó ń rántí òtútù. Ó tún yí epo ẹ́ńjìnnì padà. Ó bu epo kún táńkì. Bí oṣù kọkànlá bá sì ti wọlé, á da ẹnu ọkọ̀ náà kọ títì, á fi kọ́kọ́rọ́ sí i, kí ẹni tó ń bọ̀ lè gbé e lọ láìsí wàhálà. Ó gbìyànjú láti rántí ìlà tí Wade kọ ìyẹn sí; kò sí i níbẹ̀.

Ọkọ̀ oníyọ̀ wà níwájú wọn lórí òkè, ó ń dà á sílẹ̀ bí àgbàdo. Iyọ̀ náà ń ta bá abẹ́ ọkọ̀ wọn, ó ń ró ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́. Helmi kò sá fún un. Ó yí bọ́tìnnì hítà sí apá ibi tí ẹsẹ̀ Màmá wà, ó sì tẹ̀lé ọkọ̀ náà lọ.