Ògiri Tí Mo Kọ̀ Láti Fọ́

Èmi nìkan ni mo ń dá iṣẹ́ ṣe báyìí. Tí mo bá ń gbé àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì sínú ògiri, kò sí ẹni tó máa dúró lókèèrè sọ pé, "Gbé e sókè díẹ̀." Èmi ni màá gbé e, èmi náà ni màá sá sẹ́yìn lọ wò ó, kí n sì tó padà dé ìdí ẹ̀, ó ti yẹ̀. Mo máa ń bú u. Àpótí irin kì í fèsì.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi níṣẹ́ iná. Téèpù là ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé tó bá yá, á wọn ẹ̀rín ara ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa á la ògiri, wọ́n á tẹ́ wáyà síbẹ̀, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì bò ó, ó parí. Téèpù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Páìpù irin ló máa ń tẹ́ sínú ògiri, láti òkè àjà tààrà dé orí àpótí, kí wáyà lè gba inú ẹ̀. Ó máa ń ní, "Ẹni tó máa kan ìṣó kò mọ ibi tí wáyà wà. Àwa la mọ̀."

Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìyàwó onílé kan kan ìṣó mọ́ ògiri yàrá ẹ̀, lókè àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì, láti gbé àwòrán kọ́. Ìṣó bá wáyà, iná gbé e, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ títí dòní. Èmi àti Téèpù la ṣe iṣẹ́ ilé yẹn. Nígbà tí a débẹ̀, mo yọjú wo ihò ìṣó náà, wáyà lásán ni mo rí, kò sí páìpù. Mi ò tiẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Lójú onílé àti gbogbo ará ilé ni mo ti ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló bójú tó páìpù ibí."

Téèpù wò mí. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ó ní, "Fọ́ ògiri yẹn sókè díẹ̀, kó o wò ó."

Mo ní kí ni mo fẹ́ wò. Wọ́n gé iná ibẹ̀, wọ́n rẹ́ ihò náà pa, ọ̀rọ̀ sì tàn ká. Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ ilé fún Téèpù mọ́. Ó kó lọ síbòmíràn, ó ń bá wọn tún fáànù ṣe. Gbogbo ìgbà tó bá pè mí, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ṣé o ti wo ògiri yẹn?" Nígbà tó yá, mi ò gbé ìpè ẹ̀ mọ́. Ó kú lọ́dún tó kọjá.

Láàárọ̀ yìí ni onílé yẹn ní kí n wá dá iná yàrá náà padà. Ó wù mí kí n sọ pé rárá. Àmọ́ mo fẹ́ mọ̀ pé mo jàre. Tí mi ò bá jàre, a jẹ́ pé lásán ni mo pa ẹ̀gbọ́n mi tì títí ó fi kú.

Mo pa iná láti ìdí mítà, mo gbé òòlù àti ṣísẹ́lì, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí lọ sókè. Ìbú ìka mẹ́rin, wáyà lásán. Inú mi ń dùn, ẹ má bá mi wí. Mo tún gbẹ́ díẹ̀ sí i, ṣísẹ́lì dún lára irin.

Páìpù ni. Ó dúró ṣánṣán láti òkè wá, iṣẹ́ Téèpù pọ́ńbélé. Ó ti yí òrùka tí a fi ń so páìpù méjì pọ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, òrùka náà la ẹnu sílẹ̀, ó ń retí páìpù mìíràn tí kò dé.

Mo jókòó sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí. Òkè ni àpótí yẹn wà tẹ́lẹ̀. Ìyàwó onílé ló ní ká gbé e wálẹ̀ nítorí fìtílà ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Téèpù wọn àlàfo náà, ó gé páìpù kúkúrú kan, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Yí èyí mọ́ ọn kí wọ́n tó rẹ́ ẹ." Ó lọ sí yàrá kejì. Birikílà ń pariwo lé mi lórí pé sìmẹ́ǹtì òun ti ń le. Mo tẹ́ wáyà, mo ní kó máa rẹ́ ẹ lọ. Páìpù kúkúrú náà, inú àpò iṣẹ́ mi ni mo jù ú sí.

Kò kúrò níbẹ̀ rí. Mo fi rọ́bà dí ìdí ẹ̀ kan, mo ń kó pẹ́ńsù sínú ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń fọwọ́ kàn án.

Mo da pẹ́ńsù náà sílẹ̀, mo yọ rọ́bà ìdí ẹ̀. Mo ki wáyà bọ inú páìpù, mo yí i wọnú òrùka. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ìdí ẹ̀ kan orí àpótí, kò lé, kò dín.

Onílé yọjú wọlé. "Ẹ̀gbọ́n ẹ yẹn náà ló bà á jẹ́, àbí?"

"Èmi ni, sà," mo ní. "Kì í ṣe òun rárá. Èmi ni."

Ó wò mí títí, ó jáde. Mo pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìyàwó wa, mo ti wo ògiri yẹn."

"Páìpù kúkúrú yẹn, àbí?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Òun ni. Ọ̀sẹ̀ tí iná gbé obìnrin yẹn gan-an ló ti mọ̀. Ó ní tóun bá sọ, ẹ̀yin ni wọn ò ní gbé iṣẹ́ fún, ìyàwó yín sì wà nínú oyún. Ó ní kí n má sọ fún yín. Ó ní ẹ máa fojú ara yín rí i, ẹ ó sì pe òun. Ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀ ló máa ń gbé fóònù sí."

Mo fọwọ́ kan páìpù kúkúrú náà lára ògiri.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Mo wà níbẹ̀. Ẹkún ni mo ń sun, ẹni tó yẹ kí n bẹ̀ kò sì sí mọ́.