Ọjọ́ Tí Wọ́n Fa Kaosarah Lé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lọ́wọ́

Ní ilé Bùràímọ̀ káfíńtà, ọmọ kì í dá lọ bá ọ̀gá. Àgbà kan ní láti mú un lọ, kó fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́, kó sì ṣe àdúà sí i. Bí wọ́n ti ń ṣe é fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Nígbà tí Kaosarah wí pé òun fẹ́ lọ gba oyè kejì ní yunifásítì, lórí ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ, Bùràímọ̀ dìde, ó gbé agbádá wọ̀.

"Bàbá, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì."

"Ṣé àwọn yẹn kò ní ọ̀gá ni?"

"Wọ́n ní ọ̀gá."

"Ó tán nìyẹn."

Ọmọ àbúrò Bùràímọ̀ ni Kaosarah. Bàbá tó bí i ti kú, Bùràímọ̀ ló rán an níwèé, kò sì jẹ́ kó gbàgbé rí. Tíṣà ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Awo. Ohun tó ń wá kò pọ̀. Fàtímọ̀, ìyá Bùràímọ̀, kò mọ ọmọ tó bí mọ́. Orúkọ àbúrò tirẹ̀ obìnrin tó ti kú ló fi ń pe Kaosarah. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ìrun, á ka Fátíà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní ṣì í. Kaosarah fẹ́ mọ ìdí tí ọpọlọ fi ju ọmọ nù tó sì di Fátíà mú.

Ọ̀nà méjì ni ẹni tó bá fẹ́ oyè náà lè gbà. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Dókítà Àtinúkẹ́, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ń wọ agboolé kiri ní Ẹdẹ àti Ara, ó ń jókòó ti àwọn arúgbó tó ń gbàgbé nǹkan, ó ń wádìí ohun tó ti lọ lórí wọn àti ohun tó kù.

Èkejì wà lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíntúndé. Eku ni tirẹ̀. Wọ́n á fún eku ní májèlé tó ń ba ọpọlọ jẹ́, wọ́n á fún un ní omi ewé mu, wọ́n á pa á, wọ́n á gé ọpọlọ rẹ̀ wò. Lọ́dún kan, ewúro ni. Lọ́dún kejì, efinrin. Ewé kankan kò kùnà rí lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kaosarah rò ó pé bí ewé Ẹdẹ bá tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ti Awo.

Ọ̀dọ̀ Àtinúkẹ́ ló fẹ́ lọ. Bùràímọ̀ kò gbọ́ ọ sétí.

"Ta ni ọ̀gá níbẹ̀?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ni."

"Ṣé kí n fi ọ̀gá sílẹ̀, kí n wá lọ bá ọmọṣẹ́?"

Kẹ̀kẹ́ gbé wọn dé iwájú ẹ̀ka náà. Ọkùnrin kan tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀ ń fọ mọ́tò níbẹ̀. Bùràímọ̀ pè é ní dírẹ́bà. Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní Elijah ni orúkọ òun, akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n lòun, oyè ọ̀mọ̀wé lòun ń kà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dìde fún Bùràímọ̀. Ó kàn nawọ́ sí àga fún un. Àwòrán ara rẹ̀ ló kún ara ògiri.

"Ọmọ wa rèé," ni Bùràímọ̀ wí. "A fà á lé yín lọ́wọ́. Bó bá ṣìwà hù, ẹ bá a wí. Bí ẹ bá rán an níṣẹ́, á jẹ́ ẹ."

Ó ṣe àdúà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe àmín, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Àwọn òbí ìsinsìnyí kò mọ èyí mọ́." Ó kọjú sí Kaosarah. "Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ arúgbó lo ń sọ kiri. Gbàgbé ìyẹn. Irọ́ ni arúgbó ń pa. Eku kì í purọ́."

"Títí kan èyí tí ewé kì í kùnà lára rẹ̀, sà?"

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ ṣé, sà."

"Elijah! Mú wọn lọ wo iyàrá eku. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, kí òun náà bá ọ lọ gbé gáàsì ìyàwó mi wá."

Inú Bùràímọ̀ dùn. Ọ̀gá tó ń rán ọmọṣẹ́ níṣẹ́ ilé, ọ̀gá gidi nìyẹn. Kaosarah wo ẹ̀yìn agbádá rẹ̀ bó ti ń lọ níwájú, kò sì rí nǹkan kan tó wù ú níbẹ̀.

Iyàrá eku ń rùn. Bùràímọ̀ fi ọwọ́ bo imú, ó bi Elijah pé, "O ti pẹ́ níbí?"

"Ó ti pẹ́, Bàbá. N kò tíì gbéyàwó nígbà tí mo dé. Àkọ́bí mi ti wọ girama báyìí."

"Kí ló dá ọ dúró?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ní iṣẹ́ mi kò tíì tó. Wọ́n ní kí n fi ewé kan kún un."

"Ta ló ń pa eku?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ọ̀gá?"

"Èmi ni."

"Ìwé tí orúkọ ọ̀gá ń jáde lórí rẹ̀ ńkọ́?"

Elijah wo ilẹ̀kùn. "Èmi náà ni, Bàbá."

Bùràímọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lu itan. "Najeem! Najeem gan-an rèé!"

Elijah kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Najeem. Kaosarah mọ̀ ọ́n. Ọmọṣẹ́ Bùràímọ̀ ni, ó ti lo ọdún rẹ̀ pé tipẹ́tipẹ́. Gbogbo àga tí àwọn ará Ẹdẹ fi ń yin Bùràímọ̀, òun ló ń kàn án. Bó bá ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe fírídọ̀mù òun, kí òun lọ dá dúró, Bùràímọ̀ á ní ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dá múṣé.

"Ọ̀gá yìí mọ òwò," ni Bùràímọ̀ rọra wí. "Kaosarah, ṣé o mọ ìwé dáadáa?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Wàá pẹ́ níbí."

"Ẹ̀yin lẹ fà mí lé e lọ́wọ́, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà mí padà."

Bùràímọ̀ rò ó wò. Kí wọ́n fa ọmọ kalẹ̀, kí wọ́n tún gbà á lọ́jọ́ kan náà, ìwọ̀sí ni fún ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀sí tó tóbi ju èyí lọ ni kí ọ̀gá mìíràn fi ọgbọ́n tí òun fi mú Najeem mú ọmọ ilé òun. Ó yí padà, ó wọlé tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

"Mo wá gba ọmọ mi."

"Bàbá! Àdúà tá a ṣe kò tíì kúrò lẹ́nu wa."

"Ta ló ti gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ yín láti ìgbà tí Elijah ti dé?"

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n le. "Yunifásítì nìyí. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù."

"Ṣọ́ọ̀bù ni. Mo ní ọ̀kan."

Ọ̀jọ̀gbọ́n na ìka sí Kaosarah. "Bó o bá jáde níbí, má tún padà wá o. Ta ló máa gbà ọ́?"

"Dókítà Àtinúkẹ́, sà."

"Èyí tó ń bá àwọn arúgbó ṣeré?"

"Ẹni náà ni."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ kí Bùràímọ̀, ó gbé àga kan ṣoṣo tó ní fún un. Bùràímọ̀ tún agbádá ṣe, ó la ẹnu.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Kaosarah wí. "Ẹ má fà mí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Mo ti dàgbà." Ó kọjú sí Àtinúkẹ́. "Mà, èmi ni mo wá."

"Mo ti ń retí rẹ. Ọ̀la la ń lọ sí Ara."

Bùràímọ̀ kò fẹ́ kí ẹnu òun sùn. "Ìgbà wo lẹ máa tú u sílẹ̀?"

"Nígbà tó bá parí, Bàbá."

"Bó bá wá mọ iṣẹ́ jù ńkọ́?"

"Á yára parí nìyẹn."

Bùràímọ̀ wò ó bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹni tí kò mọ òwò rárá.

Nínú kẹ̀kẹ́, nígbà tí wọ́n ń padà, Kaosarah bi í pé, "Najeem ńkọ́, Bàbá?"

"Kí ló ṣe Najeem?"

"Ìgbà wo lẹ máa ṣe fírídọ̀mù rẹ̀?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dá múṣé."

Àga tuntun kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Najeem ń fi sáńdípépà nu ẹsẹ̀ àga náà. Bùràímọ̀ bọ́lẹ̀, ó jókòó lé àga náà, ó fẹ̀yìn tì. Àga náà kò dún. Ó na ẹsẹ̀.

"Najeem, wá bọ́ bàtà yìí fún mi."

Najeem ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá Najeem," ni Kaosarah wí, "ẹ fi bàtà yẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan fún yín. Elijah ló ń jẹ́."

"Kaosarah!" ni Bùràímọ̀ kígbe.

Kaosarah kò wẹ̀yìn. Ó mú Najeem lọ sábẹ́ igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ibi mọ́tò tí wọ́n ń fọ̀.