Àtàǹpàkò Tó Fẹ̀yìn Tì

"Ẹ dá a dúró!" Ẹnjiníà tó ń gba orin wa sílẹ̀ lu gíláàsì tó wà láàárín wa. "Ta ló kó oyin tó ń kùn yìí wọlé?"

Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn láàárọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun ló ń kọrin, wò mí. Onílù ní, "Àǹtí Fíríìjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún gìtá yìí ṣe bí ẹ ṣe ń tún fíríìjì ṣe."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí i rín.

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kù," Ẹnjiníà wí. "Bí gìtá béèsì yẹn bá tún ń kùn, mo máa pe ẹlòmíì wá ta á. Àwọn kan tún ń bọ̀ wá gba orin sílẹ̀ níbí lọ́sàn-án."

Ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ara mi ní gìtá, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Bí wọ́n bá pe ẹlòmíì, ẹ̀gbọ́n mi ò ní bá mi jà. Kò kàn ní pè mí mọ́ ni.

Mo bá ń wá ohun tó ń kùn bí ẹni ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò. Gìtá mi àtijọ́ ní okùn mẹ́rin; eléyìí ní márùn-ún, èyí tó nípọn jù ló fi lé. Ọkọ mi tó jẹ́ káfíńtà ló gbẹ́ pákó kékeré kan tó bá àtàǹpàkò mi mu gẹ́lẹ́, ó kàn án mọ́ ara gìtá lókè okùn tó nípọn jù. Ibẹ̀ ni àtàǹpàkò mi máa ń fẹ̀yìn tì bí àna àgbà, tí ìka méjì tí mo fi ń ta okùn á máa ṣe gbogbo iṣẹ́.

Mo ta okùn tó tín-ín-rín jù, mo tẹ́tí. Okùn tó nípọn ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ bò ó: kẹ́kẹ́. Mo ṣí i: hùùù.

"Òun rèé!"

"Kí ni?" Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ mi.

"Àtàǹpàkò mi ni. Ó jókòó gẹlẹtẹ, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ okùn yìí."

"Ọ̀lẹ tún wà nínú ìka?"

"Bí ìka bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí okùn tín-ín-rín, ó yẹ kí àtàǹpàkò máa tẹ̀ lé e, kó dùbúlẹ̀ lórí àwọn tí ìka ti kọjá, kó pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

A gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan. Ó ń lọ dáadáa, àfi ibi tó ń sáré: àtàǹpàkò mi sá padà sórí pákó kí n tó mọ̀. Hùùù.

"Ó ku ẹyọ kan," Ẹnjiníà wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí a dé ibi tó ń sáré yẹn, mo dín in kù. Ìró mẹ́ta péré ni mo ta níbi tí mẹ́sàn-án wà, àtàǹpàkò mi sì ráyè tẹ̀ lé wọn. Orin parí. Òógùn bò mí.

Ẹnjiníà yí ẹ̀rọ padà, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Oyin ti lọ. Ẹ ṣe é."

"Níbo lo gbé èyí tó ń sáré sí?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Mo fi í sílẹ̀. Àtàǹpàkò ò tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Ó mi orí. "Kò burú. Ṣùgbọ́n orin kejì yá ju èyí lọ o."

"Mo mọ̀," mo wí. Mo ti ń ta orin kejì náà lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, kí àtàǹpàkò lè mọ ọ̀nà.