Ẹwìrì Kékeré fún Fèrè Ìgúnpá

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2023, Mùráínà fi ìgúnpá gbá Waheed lójú níbi tí Waheed ti ń jẹ indómì. Inú yàrá bedspace wọn ní Al Baraha, ní Dubai, ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ọkùnrin mẹ́fà ń sùn sí, tí ẹni tó bá fẹ́ wọ ṣòkòtò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àwọn yòókù. Indómì dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Fèrè tó wà lára Mùráínà ń hùn lọ títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi tán.

"Mùrì, ojú mi! Ojú yìí ni hotel rí tí wọ́n fi gbà mí sí reception o!"

"Má bínú. Ẹwìrì yìí ló tóbi jù."

Fèrè àwọn ará Ireland ni. A kì í fi ẹnu fọn ọ́n. Èèyàn á jókòó, á so ẹwìrì, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, á máa fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ á gba ọ̀pá kan kọjá sínú àpò awọ tó wà lábẹ́ apá òsì, àpò yìí ló sì ń fún fèrè ní èémí. Bàbá Fintan, ará Ireland tó ń gbé nínú ilé tí Mùráínà ń ṣọ́ ní Al Barsha, ló kọ́ ọ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilé, nínú ooru tó ń mú kí bàtà lẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìka bàbá náà le tán, tó ń padà sílé, ó fi fèrè náà sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ahọ́n esùsú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé, èyí tí fèrè fi ń sọ̀rọ̀. Ẹwìrì àti àpò tó bá a wá ti gbó, wọ́n sì tóbi bí Ghana-must-go.

Ní báyìí, ilé oúnjẹ àwọn ará Ireland kan ní Al Barsha ti ní kó wá fọn ọ́n kí àwọn gbọ́. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n á ṣe visa tuntun fún un. Iṣẹ́ síkiọ́ríìtì rẹ̀ ń parí ní Disẹ́ńbà. Bí kò bá rí visa, ilé ló ń lọ. Àyè tí wọ́n sì fi hàn án láàárín tábìlì méjì kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ.

Bí gbogbo yàrá ṣe ṣèpàdé lórí ẹwìrì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Ọláyọdé, àgbà yàrá, tó ń kó ẹrù láti ọjà Deira lọ sí Èkó, ló ṣe alága láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tí Mùráínà kọ́kọ́ dé Dubai, tí agent rẹ̀ pa fóònù, ìdajì bẹ́ẹ̀dì yẹn ni Ẹ̀gbọ́n fún un, orí ẹnì kan sí ẹsẹ̀ ẹnì kejì. Láti ìgbà náà, Mùráínà kò kí i lóòró rí.

"Èyí tó tóbi jù ni kó rà," Bólúwají, ọmọ iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n, sọ. "Ọjà kékeré, ta ló ń rà á?"

"Bólú, kì í ṣe cooler tí ẹ ń kó lọ Èkó," Mùráínà sọ.

"Ṣé kò sí oníná ni? Pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ńkọ́?" Bólúwají tún béèrè.

Ẹ̀gbọ́n kó ẹnu wọn jọ. "Àyè kì í há adìyẹ kó má dé ìdí àba rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n," Waheed fèsì, ó ṣì fi aṣọ tútù bo ojú, "adìyẹ ò ní ìgúnpá."

Nígbà tó di Fúráìdè, lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, Mùráínà àti Waheed wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sharjah, lọ́dọ̀ Ustad Rafiq, ará Pakistan tó ń rán gàárì ràkúnmí. Waheed ni ìwọ̀n. Ó jókòó ti Mùráínà lórí bẹ́ǹṣì bí ìgbà tí wọ́n wà nílé, ẹwìrì tó bá sì kàn án, kò yege. Èkíní gbá a létí. Èkejì gbá a léjìká. Ẹ̀kẹta ni kékeré kan, pákó rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìdérí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé sì ń pa dé pátápátá, tí díẹ̀ tí a bá tẹ̀ fi ń wọ àpò láìpadà. Ìgúnpá kò kan Waheed. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀.

Ustad gbé àpò méjì síwájú wọn: ńlá ti awọ màlúù, àti kékeré ti awọ ewúrẹ́.

"Habibi, kékeré yìí kì í fi afẹ́fẹ́ ṣòfò, ó bá ẹwìrì rẹ mu. Ṣùgbọ́n kò láàánú. Bí o bá tẹ ńlá jù, ó máa gbà á mọ́ra. Èyí, ara ahọ́n fèrè ni gbogbo agbára ẹ máa lọ. Má sùn lé e o."

"Ustad! Ta ló ń sùn lé fèrè?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Khalas, ó parí, ó mú kékeré.

Yàrá tòrò. Waheed ń jẹ indómì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrè, omi inú abọ́ kò mì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ, Mùráínà jókòó sáàárín tábìlì méjì, ìgúnpá rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni. Orla, máníjà ibẹ̀, dijú, ó ń gbọ́. Bàbá arúgbó kan tó ń mu ọbẹ̀ ẹja gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ń nu omijé. Orla ti ní kí wọ́n lọ ṣe photocopy pásípọ́ọ̀tù Mùráínà.

Ìgbà yẹn ni Ẹ̀gbọ́n Ọláyọdé wọlé, òógùn bò ó láti Deira, páálí dàbínù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mùrì! Mo ní mi ò ní jẹ́ kó o dá wá!"

Ara Mùráínà ṣe é kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Ó dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tẹwìrì-tàpò.

Fèrè ké bí ẹni pé ewúrẹ́ tó ni awọ náà ló jí padà. Ẹ̀gbọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń fi fèrè kí àgbà nìyẹn. Orí rẹ̀ wú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ọmọ tó bá dọ̀bálẹ̀ kì í sì dìde kí àgbà tó ṣe tán.

"Wàá jèrè iṣẹ́ ẹ."

"Àmín, sà." Bó ṣe ní àmín, ìgúnpá ọ̀tún tẹ ẹwìrì, fèrè tún ké.

"O ò ní pàdánù."

"Àmín, sà." Ó ké.

"Àwọn ọ̀tá ẹ—"

Ẹwìrì kékeré kò fi èémí kan ṣòfò. Nígbà tí àdúrà kan visa, àpò ya lójú rírán, ahọ́n fèrè fò jáde, ó bọ́ sínú ọbẹ̀ bàbá arúgbó náà. Bàbá yìí, tí kò mọ ibi tí ì bá wò, ti tún gbé ṣíbí. Ó rún un kó tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹja.

"Ṣé ó kú ni?" Orla bi Ẹ̀gbọ́n.

"Rárá o, madam. Ó ń kí mi ni."

Orla dá pásípọ́ọ̀tù padà, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wọn fúnra rẹ̀.

"Wọ́n kọ́ ẹ nílé," Ẹ̀gbọ́n sọ nínú metro.

"Ẹ ṣé, sà."

Mùráínà padà sí Ìṣẹ́yìn ní oṣù kìíní. Ìka Bàbá Fintan kò lè gé ahọ́n fèrè mọ́. Èyí tó gé fún Mùráínà ló gé kẹ́yìn, òun náà ló sọnù.