Ohun Tó Wo Àgbàdo Màmá Sàn

"Gbà á, máa wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó o sì gbàgbọ́," ni Màmá Ládélé wí, ó na ike omi àdúrà sí Ìyá Bùrẹ́ímọ̀, opó tó ń gbé lójúlé kejì.

Ìyá Bùrẹ́ímọ̀ kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣé gan-an ni, Mà." Mùsùlùmí ni, àmọ́ ẹni tí àgbàdo rẹ̀ ń kú lọ, ṣé yóò máa bi omi léèrè ẹ̀sìn ni?

Mọ́láyọ̀, ìyàwó Ládélé, ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ọkàn rẹ̀ ń gún un ní kẹ́ṣẹ́.

Ta ni kò mọ bí àgbàdo Màmá ṣe rí tẹ́lẹ̀ ní Mowé níbí? Kò ga, ìlà funfun sì gba ara ewé rẹ̀ kọjá. Mọ́láyọ̀ já ewé kan, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ajílẹ̀ l'Ọ́fàdà. Wọ́n ní ilẹ̀ náà ò ní síǹkì tó, èròjà tó ń mú ewé dúdú, wọ́n sì ta èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi fọ́n sórí ewé fún un. Màmá ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ parí. "Oògùn apakoríko ló pa ẹ̀gẹ́ mi lọ́dún tó kọjá! Oògùn kankan ò gbọdọ̀ kan oko mi mọ́. Àdúrà tó."

Màmá gbàdúrà sómi, ó wọ́n ọn, ó bá lọ sí ìsọjí. Kó tó dé, Mọ́láyọ̀ ti fọ́n síǹkì sí gbogbo ewé. Kò pẹ́, àgbàdo dúdú mìnìjọ̀. Màmá rí i, ó ké Halelúyà! Ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi òun yóò jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mọ́láyọ̀ ni yóò sì dúró ti òun.

Bí Ìyá Bùrẹ́ímọ̀ ti lọ tán, Mọ́láyọ̀ pe ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ l'Ékòó.

"Mọ́lá, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Ládélé wí. "Ilé Mọ́mì la wà o! Tí wọ́n bá lé wa, ibo la fẹ́ gbà lọ?"

"Ìyá Bùrẹ́ímọ̀ ńkọ́? Ìlà funfun kan náà ló wà lára àgbàdo tiẹ̀. Kò ní nǹkan míì ju oko yẹn lọ. Tí àgbàdo yẹn bá fi lè dàgbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́."

"Ṣé ìwọ lo bá a gbìn ín ni?"

Mọ́láyọ̀ pa fóònù. Bó bá sọ̀rọ̀, ilé yóò gbóná. Bó bá dákẹ́, pòròpórò lásán ni opó yóò kó. Ó há, ẹ̀rù sì ń bà á.

Nírọ̀lẹ́, Màmá ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kọrin. Mọ́láyọ̀ jáde, ó gbé ike ìfọ́n kọ́ ẹ̀yìn, omi síǹkì kún inú rẹ̀.

"Ìyàwó, kí lo gbé pọ̀n yẹn?"

Mọ́láyọ̀ kúnlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ẹrù náà fà á ṣubú. "Ohun tí mo fọ́n sí àgbàdo yín ni, Mà, nígbà tẹ́ ẹ lọ sí ìsọjí. Mò ń gbé e lọ sí ti Ìyá Bùrẹ́ímọ̀."

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ìwọ, Mọ́láyọ̀?"

"Èmi ni, Mà. Ẹ má bínú."

Màmá ti ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa fóònù rẹ̀ yọ. Mọ́láyọ̀ dìde. Bó ti ń ṣí géètì ló gbọ́ ohùn Màmá lórí fóònù: "Ládélé, wá kó ìyàwó rẹ."

Mọ́láyọ̀ ò wẹ̀yìn. Oòrùn ti rọlẹ̀, àsìkò tí àwọn tó tà á ní kó máa fọ́n ọn ti tó.