Ewé Tí Erin Jù Sí Ìdí Àràbà

Igbó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni. Ẹfọ̀n ni ọba ibẹ̀, Erin sì ni ọlọ́rọ̀ rẹ̀. Igbó náà gbòòrò, ìròyìn kì í tètè dé, títí Alántakùn fi ta okùn rẹ̀ láti orí igi àràbà kan dé gbogbo ìkángun igbó. Bí ẹnìkan bá mi okùn náà létí odò, ẹni tó wà lórí òkè yóò gbọ́ ohun tó sọ. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó wúlò. Ẹni tó bá bọ́ Alántakùn nígbà tó ń ta okùn a máa gba ìpín nínú rẹ̀. Ìpín Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló pọ̀ jù.

Àṣà kan wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun ẹlòmíràn kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ewé tútù ni yóò fi sí ìdí ohun náà. Wọn kì í sì í bi í léèrè, nítorí wọ́n gbà pé ìbéèrè a máa lé oníbàárà.

Lọ́jọ́ kan, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rí ewé tútù ní ìdí àràbà, ó rí ojú ẹsẹ̀ Erin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mi okùn: “Ẹ gbọ́ o! Erin fẹ́ ra okùn Alántakùn. Ẹni tó bá ní ìpín kò ní mọ ebi mọ́.”

Láti ìgbà náà ni okùn kò ti sinmi. Ọ̀rọ̀ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ sí odò, ó gba òkè padà wá, wọ́n sì pè é ní ẹ̀rí kejì.

Òkété ní èkùrọ́ tó kó pamọ́ fún ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyàwó rẹ̀ bá a níbi tó ti ń kó o jáde.

“Bàbá Abẹ́kẹ́, ta ló ń ta ìpín fún yín?”

“Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni.”

“Bí Erin bá ń bọ̀ wá rà á lọ́wọ́n, kí ló dé tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò dúró dè é?”

Òkété rẹ́rìn-ín. “Ìfura rẹ pọ̀. Bí òjò bá ṣú, ìwọ á ní èéfín ni.”

“Èéfín náà a máa ṣú, olówó orí mi. Ẹ lọ bi Erin.”

“Kí wọ́n lè ní Òkété ló lé oníbàárà ìlú?” Ó gbé èkùrọ́ lọ.

Ẹfọ̀n pe ìgbìmọ̀. Alántakùn dìde. “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. N kò mọ nǹkan kan nípa ewé náà. Okùn mi ti ń já, ariwo yìí kò sì jẹ́ kí n ráyè tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí a bi Erin.”

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dìde tẹ̀lé e. “Kábíyèsí, ìyàwó ojú ọ̀nà a máa ní òun kò mọ ọkọ. Ojú ló ń ti Alántakùn. Àgbà tó fi ewé lélẹ̀, ta ló tó bi í léèrè?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Púpọ̀ nínú ìgbìmọ̀ ti ra ìpín, ẹni tó ru iyọ̀ kì í sì í gbàdúrà òjò. Ẹfọ̀n ní, “A kì í ba ọjà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a dúró.”

Lọ́jọ́ náà ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ta ìpín rẹ̀ tó kù, ó sì kúrò nínú igbó.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, Erin dé. Gbogbo ẹranko tò láti kí i. Ó na ọwọ́ ìjà rẹ̀ sókè, ó fa ẹ̀ka àràbà ya pẹ̀lú okùn tó wà lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Okùn já kalẹ̀ káàkiri igbó. Ìgbà náà ni Ẹfọ̀n tó béèrè: “Àgbà, ewé tí ẹ fi lélẹ̀ níjọ́sí ńkọ́?”

“Ewé wo? Èyí tí mo tu dànù lẹ́nu? Ti ìsàlẹ̀ ló korò, Kábíyèsí. Ti òkè ni mo wá jẹ.”

Wọ́n fẹ́ ránṣẹ́ sí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kò sí okùn tí wọn yóò fi ránṣẹ́.

Ìwọ̀nba èkùrọ́ tó ṣẹ́kù nílé Òkété, Abẹ́kẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń pa á fún. Ìyá náà a máa ní òun ti jẹun. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, Òkété gbẹ́ ihò kan tí kò fi oúnjẹ pamọ́ sí; ìyàwó rẹ̀ ló sin síbẹ̀.

Lẹ́yìn òjò, Ẹfọ̀n ṣe òfin tuntun: “Láti òní lọ, ẹni tó bá fi ewé lélẹ̀, kí a bi í.” Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ọgbọ́n ọba jinlẹ̀.

Òkété kò pàtẹ́wọ́. Ó fa ọwọ́ Abẹ́kẹ́, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ihò náà kọjá lọ sílé. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.