Orin Ìjìyà Olúwa ní Gáà Tchaourou

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Tata Àìná, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí lọ́hùn-ún, fi kọ́ ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ní orin Ìjìyà Olúwa. Aránṣọ ni. Ṣakí ló ti kọ́ iṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ sólfà nínú ìjọ Áńgílíkà, kó tó padà sí Tchaourou láyé ìgbà tí ìjọba ní kí oníkálukú máa pe ẹnì kejì rẹ̀ ní kámáráàdì. Ènìyàn mọ́kànlá péré ni wọ́n. Akíndélé, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní gáà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ìlú náà, ni ohùn rẹ̀ wúwo jù, òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ Jésù.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì Rere pé, Akíndélé sáré dé tòun taṣọ iṣẹ́.

"Tata, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́! Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Kútọnu pẹ́. Ọ̀gá gáà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

Orin Ìjìyà láìsí Jésù kẹ̀? Àìná kó ìwé orin rẹ̀ jọ.

"Bí Jésù ò bá lè wá bá wa, ẹ jẹ́ ká lọ bá a ní gáà!"

Èrò kún gáà bámúbámú. Wassiou, ọ̀gá gáà, wo Àìná tìyanu-tìyanu.

"Kámáráàdì, orin kí lẹ fẹ́ kọ?"

"Orin ọkùnrin kan tí wọ́n dá lẹ́bi láìṣẹ̀ ni, tonton," ni Àìná dáhùn bí ẹni tó ń pe bọ̀dá.

Wassiou wo àwọn èrò tó ti ń bú u láti àárọ̀. "Ẹ kọ ọ́. Ó sàn ju èébú lọ."

Wọ́n gbé orin. Akíndélé há àsíá pupa tó fi ń dá ọkọ̀ dúró mọ́ abíyá, ohùn rẹ̀ ń ró kìì. Nígbà tó kan igbe àwọn Júù, ohùn akọrin mẹ́wàá kò tó nǹkan ní gbangba bẹ́ẹ̀. Àìná kò mọ ìgbà tó yíjú sí àwọn èrò, tó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ bá wa ké e!"

Sakinatou oníṣu ló kọ́kọ́ ké. Lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo gáà hó yèè: "Kàn án mọ́ àgbélébùú!" Páànù òrùlé mì tìtì. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn. Ìyá arúgbó kan fọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ.

Ni ọkọ̀ bá fọn fèrè lókèèrè. Akíndélé ṣí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Wassiou ti yọ àsíá lábíyá rẹ̀.

"Parí ẹ̀," ló wí, ó sì lọ pàdé ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

"Ó parí," ni Akíndélé kọ, ariwo ọkọ̀ sì gbé ìyókù mì. Síbẹ̀ Àìná ń juwọ́, akọrin ń lanu, omijé ń dà lójú gbogbo wọn.

Bí ọkọ̀ ṣe ń ṣí, Sakinatou, tó ti wọkọ̀, yọrí lójú fèrèsé.

"Tata! Èmi ò fẹ́ kí wọ́n pa á o! Orin ló gbé mi lọ!"

Àìná ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, gèlè rẹ̀ ti tú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Mo mọ̀, arábìnrin mi! Mo mọ̀!"